Lórí Afárá Okùn Irin

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ọmọ mi lọ ṣeré ní Lake Arbor, níbí ní Amẹ́ríkà. Bí mo ṣe ń tì í lórí jangirọ́fà, ṣéènì rẹ̀ ń dún kíín-kíín, ìró náà sì rán mi létí afárá kan tí a gbà kọjá nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.

Forestville là ń gbé nígbà náà. Dádì fi ọkọ̀ gbé èmi àti Mọ́mì lọ sí àfonífojì kan tó jìn, tí àpáta yí ká, tí odò ń hó nísàlẹ̀ rẹ̀. Okùn irin ni wọ́n fi so afárá náà kọ́, ó sì ń fì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Irin náà tutù, òórùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí a dé àárín, Dádì dúró, wọ́n kígbe sísàlẹ̀: “Bàbá mi o!”

Àpáta gbé ohùn wọn padà. Mo rò pé eré ni, mo bú sẹ́rìn-ín.

“Daddy, again!”

Mọ́mì fà mí mọ́ra. “Fi wọ́n sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n pè é.”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n sin bàbá Dádì n'Íbàdàn, àti pé Dádì ò lè lọ torí ìwé tí wọn ì bá fi padà wọ Amẹ́ríkà kò tíì jáde.

Lórí afárá náà, Dádì tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n dúró títí ohùn náà fi parẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá ebi ń pa mí.