Fọ́tò Àwọn Tí Ooru Ń Pa

Bí wọ́n ṣe ń kanlẹ̀kùn. Ohun tí Guk Hae-won ń kọ́ nìyẹn, lẹ́yìn tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé tán. Ó ti kàwé débi tí ìwé parí sí, ó tún wá ń kọ́ṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, lórí ìlera àwọn mẹ̀kúnnù ìlú Seoul. Ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n fi í sí, níbi tí wọ́n ti gé ilé sí yàrá wẹ́wẹ́. Èèyàn á nà gbalaja sùn, ẹsẹ̀ á kan ilẹ̀kùn. Kò sí fèrèsé. Nígbà ooru, ara ògiri gan-an ń làágùn.

Ó kàn, wọn ò ṣí. Ó tún kàn. Nígbà tó yá, Bàbá Tak Gil-yong ṣílẹ̀kùn díẹ̀.

"Dókítà, ṣé o ò nílé ni?"

"Mo nílé, bàbá. Tèmi náà gbóná."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sún fún un. Ó pẹ́ kó tó tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: ọmọbìnrin òun ní ìlú Busan rò pé ilé gidi lòun ń gbé. Kó má rí i láé. Hae-won ṣèlérí pé ojú bàbá ò ní hàn níbì kankan. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tí wọ́n bá tú àṣírí rẹ̀ kò ní ṣílẹ̀kùn mọ́.

Ni ilé iṣẹ́ kan bá ra fáànù fún wọn. Ó dára. Àmọ́ kí fáànù tó wọ yàrá, fọ́tò. Omi inú ike, fọ́tò. Kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan ìgbà òtútù, fọ́tò. Wọ́n á na aṣọ gbọọrọ tí wọ́n kọ orúkọ olóore sí, àwọn aláìní á tò síwájú rẹ̀, wọ́n á gbé ẹ̀bùn sáyà, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n ń rín?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Pyo, ọ̀gá rẹ̀, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀mọ̀wé Guk, lọ pè wọ́n jáde. Ìwọ ni wọ́n gbọ́kàn lé."

"Ọ̀gá, mo ti ṣèlérí fún wọn."

"Ọdún kan tó o fẹ́ kí n fi kún iṣẹ́ rẹ, mi ò tíì buwọ́ lù ú. Di etí aṣọ yẹn mú."

Ohun tí wọ́n ṣe ní kó fa ojú àwọn èèyàn yìí mọ́ra nìyẹn. Inú ń bí i, ó sì di aṣọ mú. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí tirẹ̀. Bàbá Tak náà jáde, ó fa fìlà bojú, ó wọ ìbòmú. Nínú ooru yẹn.

"Kí lẹ wá ṣe, bàbá?"

"Wọ́n ní bá ò bá jáde, ìwọ ni wọ́n á bá wí."

Onífọ́tò gbójú sókè. "Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìbòmú. A fẹ́ rí ẹ̀rín yín."

Bàbá Tak wo Hae-won. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó mú okùn ìbòmú létí.

Hae-won jọ̀wọ́ aṣọ. Orúkọ olóore já bọ́ sílẹ̀.

"Gbé e." Ohùn Pyo rọlẹ̀, nítorí àwọn àlejò.

"Mi ò gbé e, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ká bọ̀wọ̀ fún wọn. Àbí inú ìwé nìkan ni?"

"Máa palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Òpin oṣù yìí niṣẹ́ rẹ parí."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ọkùnrin tó ṣojú ilé iṣẹ́ olóore náà ń wò wọ́n. "Bí ò bá sí fọ́tò, kí la máa fi hàn?"

"Ẹ ya fáànù," ni Bàbá Tak wí. "Òun kì í tijú."

Àwọn tó tò bú sẹ́rìn-ín. Hae-won ti gbé fáànù kan nínú ọkọ̀ tó kó wọn wá, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gba àkàbà tóóró ilé wọn lọ. Bàbá Tak gbé òmíràn, ó tẹ̀ lé e, ó ń kùn.

"O ò gbọ́n, Dókítà. O ò gbọ́n rárá."

"Ẹ rọra tẹ àkàbà, bàbá. Àwọn fáànù tó kù ṣì wà nínú ọkọ̀."