Ríbọ́ọ̀nù Baba Ẹ-Fi-Í-Sílẹ̀

Ọdún mọ́kànlélógún ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi tẹ táípù fún ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tí kì í kí ara wọn. Ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, yàrá wọn sì dojú kọ ara wọn. Èkínní ní bí ọjà bá dà rú, kí ìjọba káwọ́ gbera, yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Èkejì ní irọ́ ni, bí ìjọba ò bá tètè dá sí i, ọjà á wó lu gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n mi sọ wọ́n lórúkọ: Baba Ẹ-Fi-Í-Sílẹ̀ àti Baba Ẹ-Dá-Sí-I. Á tẹ èébú ọ̀kan láàárọ̀, á tẹ èsì èkejì lọ́sàn-án.

Ti Baba Ẹ-Fi-Í-Sílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi gbà gbọ́. Ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, owó tó fẹ́ fi kọ́ ilé oníyàrá méjì ló sì fi ra ìpín ìdókòwò ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan. Nígbà tí iye owó ìpín náà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, mo ní kó tà á. Ó ní kí n fẹnu mi jẹun, pé ọ̀gá òun ní àwọn tó ń sáré jáde ló ń ba ọjà jẹ́, kí òun fara balẹ̀. Ta ni mo jẹ́ níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n? Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá sílé, owó ilé ẹ̀gbọ́n mi sì bá a lọ.

Ríbọ́ọ̀nù táípù wọn, ìyẹn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi yíǹkì sójú ìwé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó, gbogbo ohun tí èèyàn bá tẹ̀ ló máa ń hàn lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń kó àwọn èyí tó ti lò dà nù, ọ̀kan bá tú. Ó rí ìtẹ̀kutẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Baba Ẹ-Fi-Í-Sílẹ̀ tí kì í fọwọ́ kan táípù ló dá lẹ́tà tẹ̀ sí alágbàtà tó ń bá a ta ìpín: kó ta gbogbo ìpín òun nílé iṣẹ́ aṣọ náà, kó ṣe é kíá. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà yẹn ló ní kí ẹ̀gbọ́n mi fara balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mú ríbọ́ọ̀nù náà tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Kò pariwo. "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti ta tiyín kí ẹ tó ní kí n má ta tèmi ni?"

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ohun tí mo sọ fún yín, ìmọ̀ ni. Ohun tí mo ṣe, ti ilé mi ni."

Ojú ò tì í. Ilé tirẹ̀ ṣì dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ní owó kọ́ ló dun òun jù, bí kò ṣe pé òun fọkàn tán an.

Ó fi omijé wọ yàrá kejì, ó rojọ́. Inú Baba Ẹ-Dá-Sí-I dùn dẹ́yìn. Ó gba ríbọ́ọ̀nù náà, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ní ẹ̀rí tí òun ti ń wá nìyẹn. Ojú ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ ìwé tó fẹ́ fi ta ko ẹnì kejì rẹ̀ fún un, kó máa kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bi í bóyá owó òun á padà bí ìjọba bá dá sí i.

"Rárá o, màmá," ló wí. "Ti ọjà tó ń bọ̀ ni mò ń sọ."

Yàrá mi la jọ ń sùn báyìí. Ó tẹ ìwé náà fún Baba Ẹ-Dá-Sí-I, ojú ewé mẹ́rìnlá, láìsí àṣìtẹ̀ kan. "Òṣìṣẹ́ kan" ni wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀.