Kọ́tìnì Tó Ju Fèrèsé Lọ

Gbogbo ìlú ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń rán kọ́tìnì fún, yàrá tirẹ̀ kò sì ní fèrèsé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ó ṣì kù.

Kò sí irú ilé tí kò tíì gbé téèpù ìwọ̀n wọ̀. Lórí òkè, níbi tí àwọn olówó ń gbé, fèrèsé wọn ti àjà dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣí i. Ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n fi ń mí. Nínú àwọn ilé gogoro, ojú fèrèsé rẹ ni ilé ìdáná aládùúgbò wà: bí iyọ̀ bá tán, na ọwọ́. Ní òdìkejì odò, páànù ni ògiri. Ibi tó bá ti ya ni fèrèsé. Àwọn ilé àtijọ́ àárín ìlú ńkọ́? Fèrèsé wọn ò ju búrẹ́dì kan lọ.

Yàrá ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí. Lọ́sàn-án gangan, iná ni yóò tàn kó tó rí ojú abẹ́rẹ́. Màmá wa, tí wọ́n ń dá gbé, sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. "Ọmọ mi, mo ṣì wà láàyè, má tíì sin mí." Wọn ò padà wá mọ́. Ó dun ẹ̀gbọ́n mi wọra, torí ó fẹ́ kí wọ́n wá máa bá òun gbé.

Ló bá rán kọ́tìnì sílẹ̀ de ilé tí kò tíì rí, ìwọ̀n fèrèsé àwọn olówó orí òkè!

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, oyún ò tíì dé, ẹ ti ń ra ọ̀já!"

Ó ní, "Lọ ra tìẹ náà."

Nígbà tó rí ilé, àárín ìlú ni. A fi kọ́tìnì kọ́, ó bo ògiri láti igun dé igun. Ẹ̀rín gbé mi ṣubú. Òun ò rẹ́rìn-ín, nítorí Màmá ń bọ̀ wá wo ilé lọ́jọ́ náà.

Màmá wọlé. "Háà! Fèrèsé rèé!" Wọ́n fa kọ́tìnì lápá ọ̀tún: ògiri. Wọ́n fà á lápá òsì: ògiri. Wọ́n fa àárín, atẹ́gùn sì fẹ́ gèlè wọn sẹ́yìn. Wọ́n gbé ojú síbẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ń wo àwọn èrò ọ̀nà.

Màmá wá fọwọ́ kan etí kọ́tìnì náà. "Gé apá ibí yìí, kí o fi rán búbá fún mi. Mi ò kó aṣọ ilé wá, mo rò pé màá padà lónìí ni."

Kí wọ́n tó pa ẹnu dé, ẹ̀gbọ́n mi ti mú sísọ́ọ̀sì.