Okùn Tó Bá Ohùn Màmá Mu

Ọ̀sẹ̀ kejì tí màmá mi dé ọ̀dọ̀ wa ní Enugu ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn máa padà sílé lọ́jọ́ Sátidé. Mo bi wọ́n pé ta ló ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ àwọn, àmọ́ kí làwọn ń jókòó ṣe nínú ilé tí ọmọ-ọmọ àwọn ò ti lè bá àwọn sọ gbólóhùn kan? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an torí òótọ́ ni. Àdúgbò New Haven níbí ni mo bí ọmọbìnrin mi sí, ó ti pé ọdún mẹ́wàá, Gẹ̀ẹ́sì àti Pijin ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Màmá ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ta ni mo fẹ́ dá lẹ́bi? Èmi ni mi ò kọ́ ọ ní Yorùbá.

Ìgbà àdúrà òwúrọ̀ nìkan ni àwọn méjèèjì jọ ń ṣe nǹkan pọ̀. Ọmọ náà ní ukulélé, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin tó ń kọ́ nílé-ìwé, ó sì fẹ́ máa ta á sí orin ìyá àgbà rẹ̀. Àmọ́ nílé tiwa, àgbà ló ń dá orin. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá gbé e sí ni gbogbo ilé máa bá a lọ, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún un pé kó gbé e sókè. Ohùn Màmá sì ti wálẹ̀ gan-an. Ọmọ náà dẹ okùn rẹ̀ kó lè bá wọn nísàlẹ̀, ni okùn bá rọ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, kò dún mọ́. Ó fajú ro, ó gbé e sílẹ̀.

Èmi tí mi ò ní sùúrù, mo lọ ra okùn gìtá onírin, mo so ó mọ́ ọn, mo fà á le. Gbà! Pátákó kékeré tí wọ́n so okùn mọ́ ṣí kúrò lára igi. Mo bú ara mi dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ náà ò sunkún, ó kàn ń wò mí. Ì bá sàn kó sunkún.

Lọ́jọ́rú, mo gbé ukulélé náà lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún gìtá ṣe ní Ogui New Layout. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ pátákó náà, ó bi mí pé ta ló ń kọrin sí i, ó ní kí n gba ohùn onítọ̀hún sínú fóònù wá lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ mo gbà á wá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbọ́ ohùn Màmá. Ó kọ́kọ́ fi okùn ìpẹja dán an wò. Ó dún, àmọ́ dídún rẹ̀ gbẹ. Ó tú u, ó fi okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i, ìyẹn náà rọ. Mo ti ń wo aago. Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó wá fa ọ̀rá kan tó nípọn jáde, ó so ó, ó yí i wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ta á bí Màmá ṣe ń kọrin nínú fóònù. Ó bá ohùn wọn dọ́gba. Orí mi wú.

Ní àárọ̀ Ẹtì, Màmá dá orin. Ọmọ náà tẹ́tí, ó wá ohùn wọn kiri, ó sì rí i. Màmá tún ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ kọ, wọ́n sì ń rọra kọ ọ́ kí ọmọ náà lè bá wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì í lẹ́ẹ̀mejì péré. Nígbà tí orin parí, kí n tó ṣí Bíbélì, ọmọ náà kọjú sí ìyá àgbà rẹ̀, ó sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá òmíràn."

Màmá wò ó, wọ́n wá yíjú sí mi.

Mo ní, "Ẹ̀yin ló ń bá sọ̀rọ̀, Màmá."