Ìbílọlá àti Ọmọ Aláwọ̀ Aró

Ẹni tó bá ń wá Ìbílọlá lọ́dún 1979, kó gba Bauchi Road ní Jos lọ, kó máa tẹ́tí sí òòlù tó ń kan ìṣó wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ férémù ló ń ṣe. Ó ń gé gíláàsì, ó ń fi igi yí fọ́tò ká: ti ìgbéyàwó, ti olóògbé. Bàbá rẹ̀, tíṣà láti Èkìtì, fẹ́ kó ṣe tíṣà bíi tòun. Ìbílọlá ní ariwo ọmọ ọlọ́mọ ò bá òun lára mu. Ẹ wò ó, ọmọ ọlọ́mọ náà ló wá tọ́.

Ọmọ iléèwé ni àbúrò rẹ̀, Olúyẹ́misí, nígbà tó bí Jíbọ́lá. Kí ọmọbìnrin náà tó lè jókòó, ìyá rẹ̀ gbé e fún Ìbílọlá, ó padà sí Ìbàdàn. Wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í wò ó. Igba yẹn ò sí ní Jos o. Ìbílọlá tí kò bímọ rí, òun nìkan ló wò ó. Jíbọ́lá ti pé ọmọ ọdún méje báyìí, Olúyẹ́misí ti lọ́kọ, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá mú ọmọ òun lọ́jọ́ Sátidé. Ìbílọlá ti pinnu pé kí Sátidé tó pé, òun á gbé ọmọ sá lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, tí ọyẹ́ bo àwọn òkè mọ́lẹ̀ tí gbogbo ìlú dà bí àlá, ni Sharada wọlé. Ará Íńdíà ni, ìyàwó olùkọ́ kan ní yunifásítì. Hausa inú ọjà ni òun àti Ìbílọlá jọ ń sọ. Ó tú aṣọ lára àwòrán kan tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́.

Ìyá kan ló jókòó láàárín wúrà. Ọmọ kékeré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ìkòkò bọ́tà, irú èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri. Ṣùgbọ́n gbogbo ara ọmọ náà ló rí bí aró.

Àyà Ìbílọlá já. "Wayyo! Òtútù ti mú ọmọ yìí! Ṣé wọn ò ní àdí nílùú yín ni?"

Sharada rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ara ọmọ náà le; Kíríṣínà ni, òòṣà àwọn, àwọ̀ ìkùukùu òjò sì ni wọ́n fi ń kùn ún. Yàṣódà ni orúkọ ìyá tí ọmọ náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Òun kọ́ ló bí i o. Wọ́n gbé e wá bá a ni, ó sì tọ́ ọ."

Ìbílọlá gbé gíláàsì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn tó bí i ńkọ́?"

"Ó dàgbà, ó lọ bá wọn."

"Ṣé ó padà wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"A'a, kò padà. Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ ya ìfẹ́ ìyá, Yàṣódà la máa ń yà."

Ìbílọlá wo ojú obìnrin inú àwòrán náà. Ìlẹ̀kẹ̀ kún ọrùn rẹ̀, wúrà yí i ká, kò wo ọ̀kankan. Ọmọ nìkan ló ń wò. Díẹ̀díẹ̀, ṣọ́ọ̀bù pòórá. Ó dà bíi pé òun àti Yàṣódà jọ jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ kan, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Ìfẹ́ Jíbọ́lá kún ọkàn rẹ̀. Kò di ẹrù tó fẹ́ fi sá lọ mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, Olúyẹ́misí dé. Ó rẹwà, ó sì ń bẹ̀rù ọmọ tó bí. Jíbọ́lá sá sẹ́yìn Ìbílọlá, ó ń yọjú wo àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni Nàfísátù aládùúgbò wọn kọjá níta, ó sì kígbe kí Ìbílọlá bó ṣe máa ń kí i láràárọ̀:

"Ìyá Jíbọ́lá! Ìyá Jíbọ́lá, ina kwana!"

Olúyẹ́misí ò gbọ́ ọ bí orúkọ ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fi pè é rí. Ìbílọlá ti la ẹnu láti dáhùn. Ó pa á dé. Ó fọwọ́ kan àbúrò rẹ̀ léjìká.

"Ìwọ ni wọ́n ń pè," ó ní. "Dá wọn lóhùn."