Wàláà Tí Mo Kọ Orúkọ Agbábọ́ọ̀lù Sí

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlọrin, tí òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí, kò sí ọmọ ilé kéú tó mọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tó mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ṣì wà láyé, ẹ jẹ́rìí mi. Ìwé òyìnbó tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n orí mi pé.

Lọ́jọ́ kan, a gbọ́ pé Nàìjíríà fẹ́ bá Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà báyìí, gbá bọ́ọ̀lù. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Post Office tó ní asọ̀rọ̀mágbèsì, títí mo fi há orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wa mọ́kọ̀ọ̀kànlá sórí. Mo délé kéú, mo ní góòlù mẹ́ta sí òdo la ó fi nà wọ́n. Sálíù, ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n bí sí Kùmásí níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò, ní irọ́ ni. A bá ṣàdéhùn: ẹni tí wọ́n bá na ìlú rẹ̀ ni yóò pọn omi ilé ẹnìkejì láti odò Àsà fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Kí ó lè yé àwọn tó kù, mo fi lẹ́tà kéú kọ àwọn orúkọ náà sórí wàláà mi, mo tò wọ́n bí wọn yóò ṣe dúró lórí pápá, gólì nìkan nísàlẹ̀. Mo ń ṣàlàyé bí ọ̀gá, àṣé Ààfáà ti dúró sẹ́yìn mi. Ó gba wàláà, ó fi ohùn kéú ka gbogbo rẹ̀ tán.

"Jímọ̀, Súrà wo nìyí?"

"Ààfáà, àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù lọ́la ni."

Ó fi ìka kan orúkọ kan. "Èyí tó wà lápá òsì yìí, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san?"

Mo ní ó ti san. Ìgbà náà ló wá nà mí ní pàṣán mẹ́fà, ó ní kí n fọ wàláà náà, kí n mu omi rẹ̀, bí a ṣe máa ń mu ti Kùránì kí ó lè dúró nínú wa. Tàdáà tí mo fi kọ wọ́n korò bí ewúro tí wọn kò fọ̀.

Sálíù wò mí títí mo fi mu ún tán. Ó ní, "Jímọ̀ ti gbé Nàìjíríà mì. Ta ni yóò wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́la?"

Gbogbo wọn ń wo ikùn mi. Mo ní kò séwu, ibẹ̀ ni wọn yóò ti sinmi dọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, Gold Coast nà wá débi pé oníṣọ́ọ̀bù pa asọ̀rọ̀mágbèsì rẹ̀ kí eré tó parí. Kò sẹ́ni tó bá agbábọ́ọ̀lù wí, èmi ni wọ́n ń bá wí. Ìyá mi tí kò tilẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù bi mí pé kí ló dé tí n kò bì wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ààfáà nìkan ni kò bá mi wí, ó yọ̀ǹda mi kúrò ní kéú àárọ̀ títí ọjọ́ mẹ́wàá omi fi pé. Mo pọn ọ́n dáadáa. Ìyá Sálíù ní òun kò rí ọmọ tó ń pọnmi kún àmù bíi tèmi rí.

Lóde òní, àwọn ọkùnrin á wọ kóòtù, wọ́n á jókòó sínú tẹlifíṣàn, wọ́n á ní góòlù mẹ́ta sí òdo. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tí yóò rán wọn lódò. Èmi ní tèmi, bí Nàìjíríà bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, láti àárọ̀ n kì í fẹnu kan omi títí eré yóò fi parí, kí n má baà tún gbé wọn mì. Ẹ wo iye ife tí a ti gbà láti ìgbà náà. Ta lẹ rò pé ó ń ṣe é?