Ladani Tí Kò Mutí Rí

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ọdún 1989, Abdulganiyu, ladani tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ọ̀fà, ta gbọ̀ngbọ́n lórí àtẹ̀gùn, ó sì ṣubú lu Alhaji Tàjùdéèn, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí.

Tàjùdéèn tún fìlà rẹ̀ dé. "Gàníyù, ọtí wo lo mu?"

Abdulganiyu kò bá a jà. Ó ya ẹnu gbàgà níwájú àgbà mọ́kànlá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí Ìmáàmù ló ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ẹ sọ òótọ́."

Mẹ́wàá gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbé ojú kúrò. Ẹni kọkànlá ní, "Ọtí kọ́. Àmọ́ jọ̀ọ́, má jẹ àlùbọ́sà wá kí Jímọ̀ mọ́."

Ọkàn ló fa gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1986, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lù ségesège. Á sáré, á dúró, á tún sáré. Ó dákú lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà kan ní Ìlọrin fún un ní oògùn tí yóò mú kí ó máa lù déédéé: mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, méjì fún ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn náà ẹyọ kan péré.

Abdulganiyu ti ń ra iṣu ní Òjòkú fún ogún ọdún. Kò sí àgbẹ̀ tó tà fún un tí kò fi ọ̀kan lé e.

"Ẹyọ kan, dókítà? Èènì ńkọ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Fún ọdún mẹ́ta, Abdulganiyu ń lo ẹyọ kan fún dókítà, ẹyọ kan fún èènì. Kẹ́mísì ló ti ń ra èyí tó fi ń kún un. Ọkàn rẹ̀ fara balẹ̀. Ó sọ fún Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, pé, "Ṣé o rí i? Oògùn tí kò ní èènì, omi lásán ni."

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ògì ń dà sí i láyà kó tó dé ẹnu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú. Ó wọ bàtà méjì jáde nílé, ó dé ọjà pẹ̀lú ọ̀kan.

"Bàbá, bàtà yín kejì dà?"

"Ó wà lẹ́sẹ̀ mi." Ó wo ilẹ̀.

Ẹnu tí àwọn àgbà gbóòórùn rẹ̀ kò gbà á. Lọ́sẹ̀ kejì, Tàjùdéèn ní ọ̀mùtí kì í pe ìrun, wọ́n sì dá a dúró. Abdulganiyu lọ sílé. Kò jẹun fún ọjọ́ méjì.

Àṣàkẹ́ mú un lọ sí Ìlọrin. Dókítà ní kó fi ìka kan imú ara rẹ̀. Ojú ló fi gún. Dókítà ní kó rìn lórí ìlà kan. Ó rìn lórí mẹ́ta.

"Bàbá, mélòó lẹ̀ ń lò?"

"Ẹyọ kan."

"Àti èènì rẹ̀," Àṣàkẹ́ wí.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Oògùn yìí ló ń gbọ̀n yín. Òun ló pa ẹsẹ̀ yín. Bí a bá dín in kù, ìrìn yín lè sàn, àmọ́ ọkàn lè tún dàrú. Bí a ò bá dín in kù, ẹ ò ní lè rìn mọ́."

"Bí mo bá rìn dáadáa, ṣé wọn ò ní pè mí ní ọ̀mùtí mọ́?"

"Mi ò lè mọ̀yẹn, Bàbá."

"Dín in kù. Kí o sì kọ ìwé sí wọn ní mọ́ṣáláṣí."

Kamaldeen, tíṣà, ka ìwé dókítà náà ní mọ́ṣáláṣí, ó sì tú u sí Yorùbá. Tàjùdéèn dìde, ó lọ sílé Abdulganiyu, ó sì fà á lọ́wọ́ wá.

Láti ọjọ́ náà, Tàjùdéèn ló ń dúró tì í, tó ń dì í lápá mú bó bá ń pe ìrun. Abdulganiyu kò gun àtẹ̀gùn mọ́. Ilẹ̀ ló ti ń pè é.

"Dì mí mú dáadáa, òpùrọ́."

"Pe ìrun, ọ̀mùtí."

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Ìgbọ̀n náà dín kù, kò tán.

Ní ọdún 1993, ọkàn rẹ̀ dàrú lójú oorun. Àṣàkẹ́ ránṣẹ́ sí wa kí ìrun àsùbáà tó tó pé kò jí mọ́. Ìmáàmù ní kí ẹnìkan pe ìrun. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó tún un sọ.

Tàjùdéèn bá dìde. Kò dúró sí àyè ladani. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi àyè náà sílẹ̀, ó sì pe ìrun láti ibẹ̀.